Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ àti Àtúnṣe Tí Kì Í Dúró

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àbúrò ìyá mi ṣe ń rìn, kó lọ wo ìgbín tí kò ní ibi kankan tó ń kánjú lọ. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ló wà láti ilẹ̀ dé yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́, àfi bíi pé ó ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́. Èmi ló ń pè ní Wàhálà, ẹ má sì bi mí ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lẹ bébà mọ́ abẹ́ máòsì kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí kò fi lè rìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dojú àwòrán kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọlẹ̀. Ti àga rẹ̀ tí mo fi èyí tó kúrú rọ́pò, ṣé ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń kà síni lọ́rùn? Kì í bínú. Yóò jókòó, yóò wo nǹkan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò sọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ láìgbé ohùn sókè: "Wàhálà, wá tú ohun tí o dì."

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ilé ìtẹ̀wé ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló sì máa ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àmì tín-ín-tín tó bá bọ́ lórí ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ yóò rí i láti ìpẹ̀kun tábìlì. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé náà kógbá sílé, ó ti di ẹni ọdún méjìlélógójì. Ó lọ jókòó sí kíláàsì láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú òpó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́, àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ti ń wo iṣẹ́ rẹ̀ kọ.

Ojú òpó mẹ́fà ló ń tọ́jú báyìí. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ń ta táyà, ọ̀kan ti ayàwòrán, ọ̀kan ti alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́. Méjì jẹ́ ti àwọn oníṣègùn eyín tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wọn, tí wọn kì í sì í kí ara wọn. Bọ̀ọ̀dá gbọ́dọ̀ rí i pé ti ẹnì kan ò lẹ́wà ju ti ẹnì kejì lọ. Ìkẹfà jẹ́ ti iléèwé àwọn agbẹ̀bí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé yín, torí àwa ò rí ẹni là á yé wa. Ojú òpó kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà ilé wà nínú kọ̀ǹpútà Bọ̀ọ̀dá, ibẹ̀ ló ti ń ṣe àtúnṣe. Ẹ̀dà ìta wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà níbi tó jìnnà, tí a ò fojú kàn rí, èyí sì ni gbogbo ayé ń wò. Ètò kan wà láàárín méjèèjì tí Bọ̀ọ̀dá sọ ní Alárinà. Iṣẹ́ Alárinà ni pé kó wo ẹ̀dà méjèèjì, kó mú fáìlì tí wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn, kó fi rọ́pò èyí tó ti pẹ́, kí ilé àti ìta lè máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn àgbà ní bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà a yẹ̀ba. Tiwa yìí kì í yẹ̀ba ní tiẹ̀. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ti tẹ bọ́tìnnì, yóò lọ, yóò bọ̀, yóò sì fi àmì kékeré kan hàn tó ní àwọ̀ ewé: wọ́n ti bára mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, akọ̀wé iléèwé agbẹ̀bí pè.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀gá àgbà ní kí n sọ fún yín pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oṣù tó ń bọ̀ fún àwọn tó fẹ́ wọlé ti kúrò ní Ọjọ́bọ̀, ó ti di Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣì rí lójú òpó."

"Mà á ṣe é báyìí báyìí."

Bọ̀ọ̀dá kì í kánjú nítorí oúnjẹ, kì í kánjú nítorí òjò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pè é nítorí iṣẹ́, ojú a tì í tó bá jókòó lórí ẹ̀. Kí akọ̀wé tó gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa, ó ti ṣí ojú ewé náà, ó ti pa Ọjọ́bọ̀ rẹ́, ó ti fi Ọjọ́rú síbẹ̀, ó ti rán Alárinà níṣẹ́. Àmì ewé yọ. Ó dìde, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù dún ní àkókò kan náà.

"Sà, Ọjọ́bọ̀ ṣì ni o."

Ó ṣí ẹ̀dà ilé. Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe ẹ̀dà ìta nìkan o, èyí tó wà nínú yàrá rẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni. Ó tún un ṣe kíákíá, àmì ewé yọ, ló bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi nídìí tíì.

"Wàhálà, ẹ̀fẹ̀ yìí ò dáa. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni."

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ta ló wà nílé yìí tó máa ń fọwọ́ kan nǹkan?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí."

Àǹtí, ìyàwó rẹ̀, wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kọ́tìnnì ló ń rán, ìgbà gbogbo sì ni píìnì máa ń wà láàárín ètè rẹ̀, o gbọ́dọ̀ mọ́ ọn lára kó o tó gbọ́ ohun tó ń sọ. "Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀," ó ní. "Tó bá jẹ́ òun ni, ì bá ti máa rẹ́rìn-ín. Kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ìwà burúkú ẹ̀ ò pé."

Bí wọ́n ṣe gbèjà mi nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, fóònù tún dún. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, mo dúró kó wá pè mí. Kò pè mí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo gòkè lọ, mo bá a tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ẹ ò ní bi mí ni?"

"Kí n bi ọ́ ní kí ni?"

"Bóyá èmi ni."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ì bá fẹ́ kó jẹ́ èmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìdílé wa, ẹ ò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bàbá àgbà, bàbá tó bí òun àti ìyá mi, apínlẹ́tà ni. Kò sí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ ní àdúgbò mẹ́rin. Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó wálé lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti fi gbogbo lẹ́tà jíṣẹ́. Lẹ́tà méjì ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ó ní rárá, òun ti fún wọn, òun rí obìnrin náà tó gbà á. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sínú ẹ̀. Kó tó kú, orúkọ ìyá tirẹ̀ ló fi ń pe ìyá mi. Bọ̀ọ̀dá ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń dáhùn orúkọ èyíkéyìí tó bá fi pè é.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn, Bọ̀ọ̀dá jáde, ó sì padà wá pẹ̀lú ìwé kékeré kan lábíyá. Àǹtí rí i. Ó yọ píìnì lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bọ̀ọ̀dá pe Àǹtí sókè. Mo tẹ̀ lé wọn, torí pé ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ojú òpó kọ̀ọ̀kan hàn án, kọ́kọ́rọ́ wo ló ń ṣí àpótí wo, oníṣègùn eyín wo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí.

"Kí ló dé tí mo fi gbọ́dọ̀ mọ gbogbo eléyìí?" Àǹtí bi í.

"Jẹ́ kí n fi hàn ọ́ nígbà tí mo ṣì mọ̀ ọ́n."

Ó ti gba àyè lọ́dọ̀ dókítà tó ń wo ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò ní iṣẹ́. Mo gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àga tó ga. "Èmi ni ẹlẹ́rìí lónìí," mo sọ fún un. "Ohun tí ẹ bá ṣe, mà á rí i. Tí orí yín bá ń purọ́, mà á gbé e lọ sílé ẹjọ́." Kò rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni akọ̀wé pè. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Sà, ẹ má bínú. Ọ̀gá àgbà ní tó bá di ọ̀la tó ṣì jẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn á wá ẹlòmíràn."

Bọ̀ọ̀dá kọ àkókò náà sínú ìwé kékeré rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé. Ó pa Ọjọ́bọ̀ rẹ́, ó tẹ Ọjọ́rú. Mo kà á sókè. Ó fi í pamọ́. Ó rán Alárinà níṣẹ́. Àmì ewé yọ. Mo ní, "Ẹ tún un ṣí." Ó ṣí i.

Ọjọ́bọ̀.

A wo ara wa. Mo tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá, mi ò mọ ohun tí mo rò pé mà á bá níbẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Kí lo rí ní àkọ́kọ́?"

"Ọjọ́rú."

"Kí ló wà níbẹ̀ báyìí?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Nítorí náà, kì í ṣe èmi nìkan."

"Àfi tó bá jẹ́ àwa méjèèjì lorí wa ti dàrú."

"Tìẹ ti pẹ́," ó ní. Ẹ̀fẹ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

A tún un ṣe. Ó tún lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gba ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ "Ọjọ́ Wàhálà" síbẹ̀, mo sì rán Alárinà kó tó lè dá mi dúró.

"Tó bá dúró ńkọ́?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Kí àwọn èèyàn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ọjọ́ Wàhálà?"

Kò dúró. Ọjọ́bọ̀ ni. Ohunkóhun tó ń jẹ àtúnṣe wa, kò yan èyí tó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ sọ́tọ̀.

A yọ okùn, a tún un kì bọ̀ ọ́. A pa kọ̀ǹpútà, a tún un tan. Bọ̀ọ̀dá ní bóyá ohun tí kọ̀ǹpútà ti ṣí tẹ́lẹ̀ ló ń rántí tó ń fi hàn wá, a pa gbogbo ìrántí yẹn rẹ́. Ojú ewé yẹn ṣì ń wò wá pẹ̀lú Ọjọ́bọ̀ rẹ̀. A pe àwọn tó ni kọ̀ǹpútà ńlá ọ̀hún. Ọkùnrin kan dáhùn, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ó ní lọ́dọ̀ tiwọn o, gbogbo nǹkan ló ń lọ déédéé, ṣé nǹkan mìíràn tún wà tí òun lè bá wa ṣe. Mo ní kò sí, torí pé kò tíì bá wa ṣe èyí àkọ́kọ́.

Àǹtí gbé tíì àti búrẹ́dì gòkè wá. "Ẹ jẹ́ kó sinmi. Láti àárọ̀ lẹ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu."

"Kì í rẹ kọ̀ǹpútà, Àǹtí."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ó ń gbóná, ó ń mí. Ohun tó bá ń mí, ó ń rẹ̀ ẹ́."

A mu tíì. Bọ̀ọ̀dá rọra gbé ife sílẹ̀, ó tún ọjọ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ kan náà, bọ́tìnnì kan náà. Ó tún un ṣí.

Ọjọ́rú. Ilé ní Ọjọ́rú, ìta ní Ọjọ́rú. A dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, a tún wò ó. Ọjọ́rú.

Àǹtí káwọ́ gbera. "Mo wí bẹ́ẹ̀."

Èmi ti fẹ́ máa jó, àfi ìgbà tí mo rí ojú Bọ̀ọ̀dá. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ohun kan náà ni mo ṣe nígbà gbogbo," ó ní. "Kí ló dé tí tẹ̀yìn yìí fi dúró? Tí kò bá dúró rárá, mà á sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ó ń dúró nígbà mìíràn, kì í dúró nígbà mìíràn. Bí ti Bàbá ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ mìíràn wà tí ara ẹ̀ máa ń dá ṣáká."

Àǹtí kó àwọn ife.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kì í ṣe ọgbọ́n, mo kàn ń wá kí ọwọ́ mi lè ríṣẹ́ ṣe ni. Alárinà ní ìwé kan tó máa ń kọ iṣẹ́ tó bá jẹ́ sí: ohun tó gbé, ibi tó ti gbé e, ibi tó gbé e lọ, àti àkókò. Mo ṣí i. Lẹ́tà wínníwínní ni, ìlà lórí ìlà bí èèrà tó ń kó lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì látòkè délẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá ní kí n sún. Ó wọ jígí, ó gbé ojú súnmọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe nílé ìtẹ̀wé, ó fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́, ó ń bá a bọ̀ ní ìlà ní ìlà. Mo ka gbogbo ìṣó tó wà ní àjà. Ìka rẹ̀ dúró.

"Aago mélòó ni Alárinà jẹ́ iṣẹ́ Ọjọ́ Wàhálà rẹ yẹn?"

Mo wò ó. "Mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún."

"Fáìlì wo ló gbé wọlé lé e lórí?"

"Ti Ọjọ́bọ̀."

"Aago mélòó ni wọ́n fọwọ́ kan fáìlì Ọjọ́bọ̀ yẹn kẹ́yìn?"

"Mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì."

Ó bọ́ jígí, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí aago kọjá mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, Alárinà ti gbé nǹkan wá fún wa tí ẹnì kan máa ṣe nígbà tó bá kọjá ní mọ́kànlélógójì. Ẹ bá mi rò ó. Mo wẹ̀yìn. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, a jẹ́ pé fáìlì yìí ti ibi tí a ò tíì dé wá." Ó ní kí n má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

Ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tí akọ̀wé pè ló fi wé àwọn ìlà Alárinà. Ti ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, fóònù rẹ̀ ló bá wa rántí àkókò wọn. Lójoojúmọ́, fáìlì Ọjọ́bọ̀ ń ru àkókò tó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá ìgbà tí akọ̀wé pè. Akọ̀wé yẹn nìkan sì ni ẹlòmíràn tó ní ẹ̀dà iléèwé nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú Alárinà tirẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ló fi í síbẹ̀ fún un lọ́dún tó kọjá.

Kò pè é lórí fóònù. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ láìwo àtẹ̀gùn.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ló wà lára ògiri nígbà tí a wọ iléèwé agbẹ̀bí. Mo wo fóònù mi: mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Mo wo aago ọ̀dẹ̀dẹ̀: mẹ́wàá kọjá. Mo wo ti ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́: mẹ́wàá kọjá. Fún ìṣẹ́jú kan, mo gbà gbọ́ pé fóònù mi ló ya wèrè.

Akọ̀wé náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń tọrọ àforíjì kó tó mí. Bọ̀ọ̀dá ní kó fi bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ hàn wá. Ó ṣí ojú ewé, ó kà á, ó fi í pamọ́, ó pa á dé.

"Ẹ tún fi í pamọ́? Ẹ ò yí nǹkan kan padà."

"Sà, gbogbo nǹkan ni mo máa ń fi pamọ́. Kọ̀ǹpútà gbé ojú ewé ogójì mì mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Láti ìgbà yẹn, kódà tó bá jẹ́ pé mo kàn yọjú wo nǹkan, mà á fi í pamọ́. Ẹ má bínú."

"Àkókò tó wà ní igun kọ̀ǹpútà yín yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn? Àsìkò ọ̀gá àgbà nìyẹn."

Ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń sọ pé omi tutù. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni ọ̀gá àgbà ti sún gbogbo aago iléèwé síwájú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má baà pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi mọ̀, tí wọ́n ń yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà kúrò, tí wọ́n sì ń wo igun kọ̀ǹpútà tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n fẹ́. Nígbà tí sáà yìí wọlé, ọ̀gá àgbà gbọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n sún ti kọ̀ǹpútà náà síwájú, kí wọ́n sì dí i lọ́nà kó má fúnra rẹ̀ padà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá yé mi. Láràárọ̀, akọ̀wé á ṣí ojú ewé láti wò ó bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Á fi í pamọ́. Àkókò tí kò tíì dé á lẹ̀ mọ́ fáìlì àtijọ́, Alárinà tirẹ̀ á sì gbé e síta. Á wá pe Bọ̀ọ̀dá. Ojú á ti Bọ̀ọ̀dá, á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Alárinà tiwa á wo méjèèjì, á rí i pé fáìlì àtijọ́ ló ru àkókò tó tuntun jù, á sì fi í bo àtúnṣe mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá ṣọ̀lẹ díẹ̀ ni, tó jẹun, tó na ẹsẹ̀, tó tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí kan, kò sí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí ti ń sáré láyé rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ṣubú.

A wọlé tọ ọ̀gá àgbà lọ. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì bí ọwọ́ ẹni tó ti gba ọmọ púpọ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n dá aago padà? Ọmọ tó ń bọ̀ wáyé kì í dúró de ẹni tó ń wá bọ́ọ̀sì."

"Ti ògiri ò kàn mí, mà," Bọ̀ọ̀dá dáhùn. "Ti kọ̀ǹpútà nìkan."

"Kí ni wọ́n fi yàtọ̀ síra?"

Mo yáa dá sí i. "Mà, kọ̀ǹpútà kì í wọ bọ́ọ̀sì. Ibi tí ẹ bá fi í sí lálẹ́ náà lẹ ń bá a láàárọ̀. Kò lè pẹ́ dé."

Ó yọ jígí. "Ta ni èyí?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ẹ má dá a lóhùn."

Ó ronú pẹ́. Ó ní kí wọ́n dá ti kọ̀ǹpútà padà sí òótọ́, ṣùgbọ́n kí akọ̀wé gé bébà kékeré, kó fi lẹ igun tí àkókò ń hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àsìkò, kó wo ògiri. Akọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa, ó tọrọ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ó lọ wá àlùmọ́gàjí.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnu mi ò sinmi. Bọ̀ọ̀dá ń wo ìta.

"Inú yín ò dùn ni?"

"Inú mi dùn." Ó yíjú sí mi. "Ṣé o mọ̀ pé mo ti gbà? Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé orí mi ti lọ. Èmi ni mo sọ fún ara mi, mo sì gbà á gbọ́, mo ti ń pín ohun ìní mi."

"Ó dáa, ẹ ò wá nílò dókítà mọ́ nìyẹn."

"Mà á lọ."

"Ṣebí ẹ ti rí i pé aago ni."

"Mo rí i pé aago ni èyí. Mo ṣì fẹ́ mọ ti tèmi."

Kò yé mi. Kò yé Àǹtí náà nígbà tí a délé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì funfun kan níwájú yàrá dókítà, tí à ń wo ilẹ̀kùn.

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí lẹ́tà wà nínú àpò Bàbá," Bọ̀ọ̀dá ní, "kò sí ẹni tó bá a padà lọ sí ilé obìnrin yẹn lọ bi í. A kàn wo ara wa."

"Ṣé ì bá yí nǹkan kan padà ni?" Àǹtí bi í.

"Rárá. Ara rẹ̀ ò dá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ì bá máa dá a rò."

Wọ́n pè é. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo fa okùn bàtà mi tú, mo tún un so. Àǹtí mú ọwọ́ mi, kì í ṣe torí mi. Nígbà tó jáde, ó dúró níwájú wa bí ọmọ iléèwé tó gba èsì.

"Ó ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún mi, ó ní kí n rántí wọn. Mo gbàgbé ọ̀kan."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní òun náà máa ń gbàgbé ọ̀kan. Ó ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí n sì máa sùn dáadáa."

Ó ku Àǹtí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà tó bá fẹ́ jáde: ṣé ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹ mú fóònù, ibo lẹ ní ẹ̀ ń lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bọ̀ọ̀dá ń lọ sọ́dọ̀ oní-táyà láti bá a tún àwọn àwòrán ojú òpó rẹ̀ ṣe. Àǹtí dìde. Ó ya ẹnu. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ẹnu rẹ̀ tó sì gbé e mì. Ó tún jókòó.

"Ó dàbọ̀ o," ló kàn sọ.

Ilẹ̀kùn pa dé. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó ń padà bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Kọ̀ǹpútà mi," ó ní.

Báàgì kọ̀ǹpútà náà wà lórí àga, nínú ilé, níbi tó gbé e sí kó lè rí i. Èmi tí mi ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra, mo pa á mọ́ra títí ó fi ń dun mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àǹtí ń wo ilẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá wo báàgì. Ó wo àwa méjèèjì. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín láti inú, èyí tí mi ò gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. "Ẹni tó fẹ́ lọ tún ojú òpó ṣe láìmú kọ̀ǹpútà," ó ní, "ìgbàgbé lásán nìyẹn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín."

A sì rẹ́rìn-ín.